Wàrà, Kíkan àti Àtìbọ̀: Àyẹ̀wò Èdè-Ìperí Nínú Ìlànà Oúnjẹ Kan

Àwa tí a ń ṣe iṣẹ́ èdè-ìperí Yorùbá ti fi ọ̀pọ̀ ọdún gbájú mọ́ gírámà, fònọ́lọ́jì, lítíréṣọ̀ àti ìṣirò. Ìpín kìn-ín-ní ìwé Yoruba Metalanguage, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀, jáde ní 1984. Ìpín kejì, tí Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀, tẹ̀ lé e ní 1990. Ṣáájú wọn, láti 1970, ni Iṣẹ́ Àdánwò Ọlọ́dún Mẹ́fà ti Yunifásítì Ifẹ̀ ti fi hàn pé ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè fi Yorùbá kọ́ sáyẹ́ǹsì kí ó sì yé e yékéyéké. Ibi kan wà tí a kò tíì yà sí tó bí ó ti yẹ: ilé ìdáná. Ibẹ̀ ni ìyá ilé ti ń wọn nǹkan, tí ó ń gbé e kaná, tí ó ń mú un tutù, tí ó ń jẹ́ kí ó kan tàbí kí ó má kan. Iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì gidi ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá fẹ́ kọ iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún ẹlòmíràn, ọ̀rọ̀ a máa há wa lọ́fun.

Ìlànà oúnjẹ kan ṣoṣo ni a ó fi ṣe àyẹ̀wò níhìn-ín. Mílíìkì ni a ó mú kan títí yóò fi ki. A ó sẹ́ díẹ̀ nínú omi rẹ̀ kúrò. A ó pò ó pọ̀ mọ́ kùkúḿbà rírin, aáyù, ẹfinrin àti iyọ̀ díẹ̀. A ó wá máa fi kárọ́ọ̀tì tàbí tàtàṣé gígé run ún jẹ. Àwọn ará Gíríìsì ní irú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní tzatziki, àwọn ará Tọ́kì ń pe tiwọn ní cacık, àwọn ará Íńdíà sì ní raita. Oúnjẹ tí ó ń ṣe ara lóore ni. Ọ̀rá rẹ̀ kéré púpọ̀ sí ti máyónéèsì tí a máa ń dà lé sàláàdì, purotéènì àti kálísíọ́ọ̀mù wà nínú rẹ̀, ó sì ń mú kí ènìyàn jẹ ohun ọ̀gbìn inú ọgbà sí i láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ń fi ipá mú un. Gbogbo èròjà rẹ̀ ni ènìyàn lè rí rà láàárín ọjà Bódìjà àti àwọn ilé ìtajà ńlá tí ó wà ní Dùgbẹ̀, Ring Road àti Challenge. Èròjà kò wọ́n. Ọ̀rọ̀ ni ó wọ́n.

A gbé ìlànà náà, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó ń kọ́ iṣẹ́ ògbufọ̀ pé kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn bẹ̀rẹ̀ báyìí: ‘Ẹ bu wàrà tútù sínú ìkòkò.’ Gbólóhùn náà kò ní àbùkù kankan ní ti gírámà. Ṣùgbọ́n bí a bá fi lé ìyá kan lọ́wọ́ ní Agbowó, ó lè lọ ra èyí tí ó dì lọ́wọ́ àwọn obìnrin Fúlàní. Ó lè gbé mílíìkì jáde láti inú fíríìjì. Ó sì lè ra èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún lára màlúù, tí iná kò tíì kàn rárá. Èkíní yóò ba oúnjẹ náà jẹ́, èkejì kò ní pa ẹnikẹ́ni lára, ẹ̀kẹta lè gbé ọmọ dé ilé ìwòsàn. Èrò wa ni pé nínú irú iṣẹ́ báyìí, ohun tí ọwọ́ òǹkàwé bá ṣe lẹ́yìn tí ó ka ọ̀rọ̀ kan tán ni a fi ń mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ náà yẹ ní èdè-ìperí. Bí ó ti dùn tó létí àwa onímọ̀ kò já mọ́ nǹkan púpọ̀.

Wàrà

Nínú Bíbélì tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ túmọ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wàrà ni ohun olómi funfun tí a ń fún lára ẹran ọ̀sìn. Èyí tí ó ti dì ni wọ́n pè ní wàràkàsì. Ìyàtọ̀ náà hàn kedere lórí ìwé. Ṣùgbọ́n ẹ dé ọjà Bódìjà, kí ẹ ní kí wọ́n ta wàrà fún yín. Ohun funfun tí ó dì, tí ó rọ̀, tí ó lúwẹ̀ẹ́ nínú omi ara rẹ̀, ni wọn yóò bù fún yín. Àwọn obìnrin Fúlàní ni ó ń ṣe é: wọn a gbé mílíìkì màlúù kaná díẹ̀díẹ̀, wọn a da omi ewé bòmubòmu sí i, yóò dì, wọn a sì dà á sínú agbọ̀n kéékèèké kí omi rẹ̀ lè ro dànù. Ẹlòmíràn a dín in nínú òróró, ẹlòmíràn a sè é mọ́ ọbẹ̀. Lẹ́nu ará Ìbàdàn, èyí ni wàrà.

Kí ni a wá ń pe èyí tí kò dì? Bí ó bá ti inú agolo tàbí inú ọ̀rá jáde, mílíìkì ni. Bí ó bá jẹ́ ti Fúlàní, tí ó sì ti kan, nónò ni, ọ̀rọ̀ Haúsá tí ó ti fìdí kalẹ̀ ní ìlú yìí láti ìgbà tí àwọn Haúsá ti ń gbé ní Sábó, tí a dá sílẹ̀ ní 1916. Bí ó bá sì jẹ́ ti inú ọ̀rá kékeré tí ọlọ́kẹ̀kẹ́ ń gbé kiri, yógò ni àwọn ọmọdé ń pè é, láti ara FanYogo tí Fan Milk ń ṣe. Ẹ kíyè sí i pé àwọn orúkọ wọ̀nyí kò pín ohun náà gẹ́gẹ́ bí ó ti rí nínú ara rẹ̀. Ẹni tí ó ń tà á àti ohun tí a fi dì í ni wọ́n fi pín in. Ọgbọ́n ọjà ni, ó sì tó fún ọjà.

Àwọn kan yóò sọ pé kí a kúkú yá ọ̀rọ̀ náà, kí a máa pè é ní yógọ́ọ̀tì. A kò lòdì sí ọ̀rọ̀ àyálò. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì pàápàá yá a ni, lọ́wọ́ àwọn ará Tọ́kì, tí ó sọ ọ́ lórúkọ láti inú ọ̀rọ̀-ìṣe wọn tí ó túmọ̀ sí kí a po nǹkan kí ó ki. Ìṣòro tí ó wà níbẹ̀ ni pé yógọ́ọ̀tì ti ní ìtumọ̀ tirẹ̀ ní Ìbàdàn. Ohun mímu dídùn ni, tí a rọ sínú ike, tí ó ní ṣúgà àti adùn èso nínú. Ẹni tí a bá sọ fún pé kí ó ra yógọ́ọ̀tì yóò ra èyí tí ó pupa rẹ́súrẹ́sú tí ó ń ta sánsán bí èso, yóò sì pò ó pọ̀ mọ́ aáyù àti iyọ̀. A kò gbọdọ̀ fi irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ dán ènìyàn wò.

Àbá wa ni pé kí a fi wàrà ṣe orúkọ àjùmọ̀jẹ́ fún gbogbo ìdílé náà, ṣùgbọ́n kí a má ṣe kọ ọ́ sílẹ̀ láéláé láìsí ẹ̀yán lẹ́yìn rẹ̀. Wàrà olómi ni ti inú agolo àti ti ara màlúù. Wàrà oníyẹ̀fun ni èyí tí a lọ̀ gbẹ. Wàrà dídì ni ti Bódìjà. Wàrà àmúkan ni èyí tí àpilẹ̀kọ yìí dá lé lórí, a ó sì sọ ìdí tí a fi pè é bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ó ń tà ní Bódìjà kò ní yí ọ̀rọ̀ wọn padà nítorí tiwa, kò sì sí ìdí tí wọn yóò fi yí i. Ìwé ni òfin yìí wà fún.

Tútù

Ọ̀rọ̀ yìí kò gba àkókò púpọ̀, ṣùgbọ́n òun ni ó léwu jù lọ. Omi tútù kò gbóná. Aṣọ tútù kò gbẹ. Ewé tútù kò rọ. Ẹja tútù ni èyí tí a kò sá tí a kò sì yan. Wàrà tútù wá ńkọ́? Bí ògbufọ̀ bá ní wàrà tí a kò sè lọ́kàn, òǹkàwé rẹ̀ lè rò pé wàrà tí a gbé sínú fíríìjì ni. Wàrà tí a kò sè lè gbé kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ màlúù wọ ara ènìyàn, ó sì lè gbé ti àrùn ibà kan tí àwọn oníṣègùn ń pè ní brucellosis wọ̀ ọ́ pẹ̀lú. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a máa kọ wàrà àìsè nígbà tí ó bá jẹ́ pé iná ni a ń sọ, kí a sì fi tútù sílẹ̀ fún fíríìjì. Àwọn olùkọ́ tí ó bá rò pé àìsè kò dún bí èdè Yorùbá tí ó jinlẹ̀, kí wọ́n rántí àìsùn, àìmọ̀ àti àìjẹ.

Kan

Ọ̀rọ̀-ìṣe kan ni ọ̀kàn gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, òun náà ni ó sì fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ní wàhálà jù. Bí ọbẹ̀ bá kan, a dà á nù. Bí ògì bá kan, a yọ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà, ìyípadà tí ó jọra nínú ohun méjèèjì, ṣùgbọ́n ìdájọ́ wa yàtọ̀. Ẹni tí ó bá túmọ̀ orúkọ wàrà yìí sí wàrà kíkan ti gbé òǹkàwé sí oríta, kò sì sọ ọ̀nà tí yóò gbà fún un: ṣé ti ọbẹ̀ ni tàbí ti ògì?

Yorùbá mọ ìyàtọ̀ náà dáadáa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀-ìṣe kò fi í hàn. Ẹ wo bí a ti ń ṣe ògì. A ó rẹ àgbàdo fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, a ó lọ̀ ọ́, a ó sẹ́ ẹ, a ó sì fi í sílẹ̀ kí ó tòrò. Omi tí ó lé téńté lórí rẹ̀ kan gan-an, síbẹ̀ omídùn ni à ń pè é, a sì ń fi rẹ egbòogi. Ẹni tí ó kọ́kọ́ sọ omi kíkan ní omídùn kò ṣi ọ̀rọ̀ lò. Ó ń dá irú kíkan yìí yà sọ́tọ̀ kúrò lára ti ìbàjẹ́ ni, ọgbọ́n tí a sì ń wá nìyẹn.

Ohun tí ó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni ìfẹ́ inú ẹni tí ó ń ṣe é. Ọbẹ̀ kan fúnra rẹ̀. Ògì ni a mú kan. Bí a bá ti fi mú kún un, àwọn mọ́fíìmù àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ tí a ti ní nílẹ̀ yóò parí iṣẹ́ náà. Pẹ̀lú ì-, a ó ní ìmúkan, èyí tí í ṣe iṣẹ́ mímú nǹkan kan. Pẹ̀lú à-, a ó ní àmúkan, ohun tí a ti mú kan. Ìlànà à- yìí kì í ṣe àjèjì rárá nínú iṣẹ́ ọwọ́ àti ìṣègùn wa: aṣọ tí a dì tí a sì rẹ ni àdìrẹ, egbòogi tí a gún kí a lè mu ún ni àgúnmu, èyí tí a sè kí a lè jẹ ẹ́ ni àsèjẹ. Wàrà àmúkan bá wọn jókòó láìsí ìjà.

Ó ku ohun tí ó ń mú un kan, èyíinì ni ṣíbí méjì ti àtijọ́ tí a ń bù sí tuntun. A-, olóhùn àárín, ni àfòmọ́ tí ó ń fi olùṣe hàn, a ò bá sì pe ohun yìí ní amúkan. Ìdí méjì ni a fi kọ̀ ọ́. Èkíní, amúkan àti àmúkan kò yàtọ̀ ju ohùn kan lọ, àwọn ìwé àlẹ̀mógiri ilé ìwòsàn wa kì í sì í ní àmì ohùn. Èkejì, akẹ́kọ̀ọ́ kan béèrè lọ́wọ́ wa, pẹ̀lú ojú tí kò rẹ́rìn-ín, bóyá amúkan ni ẹni tí wọ́n gbé nǹkan púpọ̀ kalẹ̀ fún tí ó sì mú ẹyọ kan. A kò lè dá a lẹ́bi. Ọ̀nà àbáyọ wà nínú amúlùúdùn, níbi tí ọ̀rọ̀-orúkọ ti wọ àárín ọ̀rọ̀-ìṣe méjèèjì. Amúwàràkan ni a fọwọ́ sí. Ó gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò ṣì í gbọ́, a sì lè fi ìlànà kan náà ṣe amógìkan fún omi ògì àtijọ́ tí àwọn kan ń bù sí tuntun kí ó lè tètè kan.

Omi tí ó ń jáde nígbà tí a bá sẹ́ wàrà àmúkan kò tíì ní orúkọ. Omídùn wàrà ni àbá wa. Ẹni tí ó bá ti ṣe ògì rí yóò mọ̀ ọ́n ní kété tí ó bá rí i.

Kòkòrò tàbí ẹ̀dá àìfojúrí

Ní 1905, Stamen Grigorov, ọmọ ilẹ̀ Bùlùgéríà tí ó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Geneva, rí bakitéríà kan nínú wàrà àmúkan ìlú rẹ̀. Élie Metchnikoff, ní ilé ìwádìí Pasteur ní Paris, gbé ọ̀rọ̀ náà lékè. Ó gbà pé irú wàrà bẹ́ẹ̀ ń fa ẹ̀mí ènìyàn gùn. Lónìí, Lactobacillus delbrueckii bulgaricus ni a mọ bakitéríà náà sí, òun àti Streptococcus thermophilus ni wọ́n sì jọ ń ṣiṣẹ́. Wọn a jẹ ṣúgà inú wàrà, wọn a sọ ọ́ di ásíìdì, ásíìdì yóò sì mú kí purotéènì inú wàrà so mọ́ ara wọn, kí ó ki. Ìdí nìyí tí àwọn àgbàlagbà kan tí inú wọn máa ń ru bí wọ́n bá mu wàrà olómi fi lè jẹ wàrà àmúkan láìsí ìyọnu: díẹ̀ nínú ṣúgà tí ó ń dà wọ́n láàmú ti lọ, bakitéríà náà sì tún ń bá ìfun wọn ṣiṣẹ́ lórí ìyókù. Nínú ògì, ìbátan wọn kan ni ó pọ̀ jù, Lactobacillus plantarum, tí àwọn onímọ̀ yí orúkọ rẹ̀ padà sí Lactiplantibacillus plantarum ní 2020. Kí àwọn tí ó ń bínú pé èdè-ìperí Yorùbá kì í dúró lójú kan fi ọkàn sí èyí.

Báwo ni a ó ti sọ fún ìyá kan pé ohun tí ó fẹ́ fi bọ́ ọmọ rẹ̀ kún fún kòkòrò alààyè? Ọ̀rọ̀ náà bàjẹ́ tipẹ́. Àwa olùkọ́ ni a sọ kòkòrò di ọ̀tá, a kọ́ ọmọdé pé kòkòrò ń bẹ nínú omi ìdọ̀tí, a ní kí wọ́n fọ ọwọ́ nítorí rẹ̀, a sì ṣe é re. Ẹ jẹ́ kí kòkòrò àrùn dúró sí àyè rẹ̀. Fún gbogbo àwọn tí ojú lásán kò rí, rere àti búburú, ẹ̀dá àìfojúrí ni kí a máa lò, kí a sì fi bakitéríà sílẹ̀ fún ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Ẹ̀dá kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́.

Ẹ̀fọ́ àti àtìbọ̀

Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ wa ni ó pe kùkúḿbà àti kárọ́ọ̀tì ní ẹ̀fọ́, torí pé Gẹ̀ẹ́sì fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pe gbogbo wọn. Ẹ sọ fún oníṣòwò Bódìjà kan pé kí ó ta ẹ̀fọ́ tí ó gùn tí ó sì pupa bí ọsàn fún yín, kí ẹ wo ojú rẹ̀. Ewé ni ẹ̀fọ́: tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ewúro, gbúre. Ilá, ata, tòmáàtì àti kùkúḿbà jẹ́ èso tí a ń lò fún ọbẹ̀. Gbòǹgbò ni kárọ́ọ̀tì. Nínú ìlànà oúnjẹ, a kò nílò orúkọ àjùmọ̀jẹ́ kankan. Kí a pe kálukú ní orúkọ rẹ̀. Nínú ìwé ẹ̀kọ́ ìlera, níbi tí a kò ti lè ṣe aláì ní ọ̀kan, ohun ọ̀gbìn inú ọgbà tó wa. Ó gùn, kò sì dùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n kò purọ́.

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn ni orúkọ oúnjẹ náà fúnra rẹ̀. Yorùbá ní ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó bá a mu rẹ́gí: à ń fi òkèlè run ọbẹ̀. Run kì í ṣe rì bọ omi, tí gbogbo ara ń wọlé, bí ti ìrìbọmi. Orí òkèlè nìkan ni ó ń kan ọbẹ̀, tí ó sì ń gbé díẹ̀ bọ̀. Gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀-ìṣe, kò sí èyí tí ó lè borí rẹ̀, a sì ti lò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ àpilẹ̀kọ yìí. Ṣùgbọ́n ẹ sọ ọ́ di ọ̀rọ̀-orúkọ, kí ẹ rí ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Ọbẹ̀ àrun, bí a bá tẹ̀ ẹ́ láìsí àmì ohùn sára ògiri ilé ìwòsàn, yóò di ọbẹ̀ tí ń fa àìsàn. Àfirun kò sàn jù ú lọ, torí pé ohun tí a fi ń pa nǹkan run ni yóò kọ́kọ́ sọ sí òǹkàwé lọ́kàn.

Tì bọ̀ ni a wá gbé e gbà. Ó wà láàyè nínú tọwọ́ bọ̀wé, ó sì wà nínú tọwọ́ bọ àpò. Àtìbọ̀ tẹ̀ lé ìlànà àdìrẹ àti àgúnmu tí a ti sọ. Ṣé kí a pè é ní ọbẹ̀ àtìbọ̀? Àwọn kan nínú ẹ̀ka wa sọ pé ohun tí kò bá dé orí iná kì í ṣe ọbẹ̀, wọ́n sì ní ẹ̀rí tí ó lágbára. A gbà fún wọn. Àtìbọ̀ lásán ni kí ó jẹ́: àtìbọ̀ wàrà, àti bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́, àtìbọ̀ ẹ̀pà, àtìbọ̀ ẹ̀wà.

Ìlànà náà

Kí a wá dán àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí wò lórí iná.

Po gíráàmù 130 wàrà oníyẹ̀fun, èyí tí a kò yọ ọ̀rá rẹ̀, mọ́ lítà 1 omi tí ó mọ́. Bí ó bá jẹ́ wàrà olómi àìsè ni o ní, lítà 1 rẹ̀ tó, kò gba omi. Gbé e kaná díẹ̀díẹ̀ kí ó sì máa rò ó, títí etí rẹ̀ yóò fi máa hó wínníwínní tí èéfín yóò sì máa rú lórí rẹ̀. Èyí jẹ́ nǹkan bí dígírì 85 lórí ìwọ̀n Celsius. Iná yìí ń ṣe iṣẹ́ méjì: ó ń pa kòkòrò àrùn, ó sì ń tún purotéènì inú wàrà ṣe kí ó lè ki dáadáa. Sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Dúró kí ó lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́, ní nǹkan bí dígírì 43 sí 45. Bí kò bá sí ohun ìwọ̀n, fi ìka kékeré tí o ti fọ̀ mọ́ sí i. Bí o bá lè ka oókan dé ẹẹ́wàá láìfa ìka yọ, ó ti tó àkókò. Ẹni tí ó bá kánjú níbí yóò pa amúwàràkan. Ẹni tí ó bá pẹ́ jù yóò bá a tí òtútù ti mú un, kò sì ní lè ṣiṣẹ́.

Amúwàràkan ni ṣíbí ìjẹun méjì wàrà àmúkan tí kò ní ṣúgà, tí a kọ sí ara ike rẹ̀ pé ẹ̀dá inú rẹ̀ wà láàyè. Èyí tí wọ́n bá tún gbé kaná lẹ́yìn tí ó kan tán kò wúlò. Fi wàrà díẹ̀ pò ó kí ó dán, dà á padà sínú ìyókù, rò ó lẹ́ẹ̀kan péré, kí o sì dé e. Gbé e sínú kúlà tí o fi aṣọ nípọn wé e. Fi í sílẹ̀ fún wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ. Má ṣe mì í, má ṣe ṣí i wò. Àwọn tí ó ń ṣí i wò ni wàrà wọn kì í ki.

Nígbà tí ó bá ti ki bí ẹ̀kọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dì, bu ṣíbí méjì sínú abọ́ mímọ́ fún ti ẹ̀ẹ̀kejì, kí aáyù tó kàn án. Da ìyókù sínú aṣọ tí a fi ń sẹ́ ògì, èyí tí o ti sè nínú omi gbígbóná, kí o sì fi í kọ́ nínú fíríìjì fún wákàtí méjì sí mẹ́ta kí omídùn wàrà lè ro jáde. Bí iná bá lọ, kúlà tí ó ní yìnyín yóò ṣe é. Má ṣe da omídùn náà nù. A lè fi po ìyẹ̀fun búrẹ́dì.

Fọ kùkúḿbà kan nínú omi mímọ́ tí ó ń ṣàn, rin ín bí a ti ń rin ilá, fi iyọ̀ díẹ̀ sí i, jẹ́ kí ó wà bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí o sì fún omi rẹ̀ jáde dáadáa. Bí a bá fò ó, àtìbọ̀ náà yóò ṣàn. Rin ẹ̀là aáyù kan. Gé ewé ẹfinrin mẹ́ta tàbí mẹ́rin wẹ́wẹ́. Ewé mìíràn ni àwọn ará Gíríìsì ń lò, ṣùgbọ́n ẹfinrin kò ní kí ẹni kankan wá àwáwí. Po gbogbo rẹ̀ mọ́ ife wàrà àmúkan kan tí a ti sẹ́, fún ọsàn wẹ́wẹ́ díẹ̀ sí i, kí o sì tọ́ ọ wò kí o tó fi iyọ̀ kún un. Kárọ́ọ̀tì, kùkúḿbà àti tàtàṣé tí a gé gbọọrọ ni òkèlè rẹ̀.

A tún gbé ìlànà yìí fún ẹnìkan tí kò mọ Gẹ̀ẹ́sì tí kò sì tíì ṣe é rí. Ibi kan ṣoṣo ni ó ti dúró béèrè, ibi tí a kọ pé kí ó fi í pamọ́ títí yóò fi ‘kan jù’. Ó béèrè bóyá èyí ni pé ó ti bàjẹ́. Ìbéèrè náà tọ́, a sì tún ibẹ̀ kọ. Wàrà àmúkan tí a kò tíì po mọ́ nǹkan á máa kan sí i lójoojúmọ́ nínú fíríìjì. Ìyẹn kò sọ ọ́ di májèlé. Èyí tí a ti po mọ́ kùkúḿbà àti aáyù kò yẹ kí ó kọjá ọjọ́ mẹ́ta. Bí kò bá sì sí iná, kí a jẹ ẹ́ tán lọ́jọ́ tí a ṣe é. Ohun tí a kọ síbẹ̀ nísinsìnyí ni pé bí ó bá bu, tí àwọ̀ mìíràn yọ lórí rẹ̀, tàbí tí òórùn rẹ̀ yí padà kúrò ní ti kíkan, kí a dà á nù pátá, kí a má ṣe họ orí rẹ̀ kúrò kí a jẹ ìsàlẹ̀.